Wọ́n ti yọ kókó inú orí ọkọ mi, a ti délé: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ bá wa dá sí i

Ìyàwó Ilé, Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ mi ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí kókó kan tó wà lápá iwájú orí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì. Meningioma ni wọ́n pè é. Wọ́n ní ara awọ tó bo ọpọlọ ló ti hù, kì í ṣe inú ọpọlọ gan-an, àti pé irú tirẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, a dúpẹ́. Wọ́n ti yọ òwú ojú ọgbẹ́, wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Ilé yìí gan-an ni mi ò mọ̀ pé ó máa rí báyìí. Oorun ló ń sùn ṣáá. Tó bá jí, inú ń bí i. Ọkùnrin tí mi ò gbọ́ kó jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni rí, ó jágbe mọ́ ọmọ torí pé ọmọ ń fi ṣíbí lu àwo. Ọ̀rọ̀ a máa sá mọ́ ọn lẹ́nu: tó bá fẹ́ omi, á ní "ẹ gbé... ẹ gbé èyí tí wọ́n ń mu yẹn." Ìyá ọkọ mi ti dé láti abúlé pẹ̀lú ìgò àgbo. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ti la orí ẹ̀ kì í pé mọ́, àfi kéèyàn tètè fi ewé dí i. Àwọn ará ìjọ ń wọlé ní méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n ní kó dìde kó jó fún Olúwa. Ó ti rẹ èmi náà.

Mi ò wá dókítà wá síbí, a ní dókítà. Ẹni tó ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn rí ni mò ń wá.


Ọkọ̀ Wà ní Gáréèjì

Ẹ kú ìtọ́jú, àǹtí. Mo ti sùn síbẹ̀. Irú kókó kan náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni tèmi wà.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí oorun, torí òun ni wọ́n fi ń pe èèyàn ní ọ̀lẹ. Àárẹ̀ yìí kì í ṣe àárẹ̀ ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, tí yóò sùn, tí yóò sì jí pẹ̀lú agbára. Èèyàn lè sùn títí ọ̀sán, kó dìde wẹ̀, kó jẹ́ pé ìwẹ̀ yẹn ló máa gba gbogbo agbára ọjọ́ náà. Ọpọlọ tí wọ́n fọwọ́ kàn ń tún ara rẹ̀ ṣe, wíwú inú ibẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, oògùn tí wọ́n fi ń dènà gìrì náà sì ń kun èèyàn lóorun. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, oṣù ni wọ́n fi ń ka ìgbà tó fi kúrò, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ iṣẹ́, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ sí kílíníìkì, ẹ má gba àlejò. Kó sì lọ dùbúlẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́ tán kó tó dùbúlẹ̀, ọjọ́ kejì náà ti bà jẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ariwo. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mo lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ṣíbí tó bá kan àwo, bí ẹni ń kan ìṣó mọ́ mi lágbárí ni. Ìlú tiwa yìí náà kò sì ràn wá lọ́wọ́: ohùn ìpè ìrun lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìsọjí lápá òsì, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò láàárín. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ẹ fún ọmọ ní abọ́ oníke dípò àwo. Ìbínú tẹ́ ẹ rí yẹn, mo fura pé ṣíbí yẹn ni ó ń bínú sí, kì í ṣe ọmọ.

Ẹ tún múra sílẹ̀ fún "háà, o ti sanra o, ara ń gbà ọ́." Dexamethasone, oògùn tó ń dín wíwú ọpọlọ kù, ló ń wú ojú mi, àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire. Mo kàn máa ń ní ẹ ṣeun.

Orúkọ mi níbí ti sọ ìyókù. Kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ títí dókítà yóò fi fún un láyè, torí gìrì lè gbé èèyàn lórí ìdarí. Ọ̀kadà, ẹ má tiẹ̀ dá a lábàá. Takisí Máíkírà ni mò ń wọ̀, mo sì máa ń san owó ìjókòó méjèèjì iwájú, kí ẹnikẹ́ni má baà fi orí gbá mi bí awakọ̀ bá já sí kòtò.


Nọ́ọ̀sì Àgbà, ó ti fẹ̀yìn tì

Ìyàwó wa, ẹ wo àpò oògùn ẹ̀. Bí levetiracetam bá wà níbẹ̀, oògùn gìrì tí wọ́n tún ń pè ní Keppra, ó lè mú kéèyàn máa tètè bínú tàbí kó máa sunkún láìnídìí. Dexamethasone náà a máa lé oorun òru lọ, a sì máa yí ìwà èèyàn padà. Apá iwájú ọpọlọ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ sì tún nìyẹn, ibẹ̀ la fi ń kó ara wa ní ìjánu. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti àkókò rẹ̀, kẹ́ ẹ fi han dókítà. Wọ́n lè yí oògùn náà padà tàbí kí wọ́n dín in kù. Àwọn ni kó ṣe é o, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹni tó bá dá oògùn gìrì dúró lójijì, gìrì lè padà dé pẹ̀lú agbára.

Dexamethasone, ẹ má fi ṣeré rárá. Tí èèyàn bá ti lò ó fún ìgbà díẹ̀, ara á dẹ́kun ṣíṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dín in kù ní ìpele ìpele. Bó bá tán lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má sọ pé ó di Ọjọ́ Ajé. Ẹ wá a kàn. Kó jẹun kó tó lò ó, torí ó ń jẹ inú. Kí wọ́n sì máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, àgàgà bí àtọ̀gbẹ bá wà nínú ẹbí.

Bí gìrì bá gbé e: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ tú ọrùn aṣọ, ẹ wo aago. Ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu. Ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Mo ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi bọ iná nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti rí àwọn tí wọ́n fún ní àgbo ìtọ̀ màlúù, èyí tó máa ń ré ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lulẹ̀ títí ẹni náà ò fi ní lè jí. Gìrì fúnra ẹ̀ kì í sábà pẹ́. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí òmíràn bẹ̀rẹ̀ kó tó jí sí àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bákan náà, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì bí ẹ bá rí orí fífọ́ tó ń le sí i, èébì, oorun tí wọn ò lè jí i nínú ẹ̀, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó ń kú lọ, ibà pẹ̀lú ọrùn líle, ojú ọgbẹ́ tó pọ́n tó ń ṣọyún. Omi tó mọ́ gaara tó ń jò láti ojú ọgbẹ́ tàbí ihò imú, ẹ má kàn nù ún dànù kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó ń ro, tàbí àyà tó ń dùn pẹ̀lú èémí tí kò tó, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Ìyẹn ò gba "ẹ jẹ́ ká wò ó di òwúrọ̀."


Alámòójútó

Mo ti yọ ìdáhùn kan kúrò tó ń polówó àgbo tó ń yọ́ kókó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì gbé nọ́ńbà fóònù síta gbangba níbí. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.


Ìyá Aláṣọ Òkè, Ọ̀jẹ́

Ìyàwó, ẹ má bá ìyá ọkọ yín jà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ gba ìgò náà, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e síbi tí ojú ò tó. Tó bá di ọjọ́ kílíníìkì, ẹ mú wọn dání, kí dókítà fúnra ẹ̀ sọ fún wọn pé ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí àgbo àti ọ̀pọ̀ oògùn gìrì, pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tí àgbo yẹn lè ṣe sí oògùn náà. Bó bá ti ẹnu yín jáde, àfojúdi ni. Bó bá ti ẹnu dókítà jáde, ìmọ̀ràn ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe parí ti ìyá ọkọ tèmi.

Ọ̀rọ̀ pé ẹni tí wọ́n la orí ẹ̀ kì í pé, ẹ sọ fún màmá pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní Ìbàdàn. Láti 1962 tí Latunde Odeku ti dé sí ilé ìwòsàn UCH ni wọ́n ti ń ṣe é, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Orúkọ ẹ̀ ló wà lára ilé ìkàwé ìṣègùn inú ọgbà níbẹ̀. Èmi tí mò ń tẹ̀ ẹ́ yìí, wọ́n la tèmi, mo pé, mo sì ń bá oníbàárà dúnàádúrà.

Ìmọ̀ràn tèmi wà fún àwọn obìnrin tó bá ń kà á. Irun. Wọ́n á fá apá kan, nígbà míràn gbogbo ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì í, kó so ó, tàbí kó fi rìláásà sí i títí dókítà yóò fi ní ojú ọgbẹ́ ti jinná pátápátá. Gèlè líle ẹ̀wẹ̀, ẹ gbàgbé ẹ̀. Èmi tí mò ń ta aṣọ òkè, ìborùn òwú rírọ̀ ni mo fi lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi, bí wọ́n ṣe ń wò mí nìyẹn, mo jẹ ìrẹsì mi. Ojú ọgbẹ́ á máa yún yín. Ẹ má họ ọ́. Awọ orí lẹ́bàá ibẹ̀ á kú tipiri, ẹ ò ní mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, díẹ̀ nínú ẹ̀ á padà, òmíràn lè má padà. Mo tún máa ń gbọ́ nǹkan tó ń dún "kó, kó" nínú orí mi bí mo bá yíjú. Ẹ̀rù bà mí títí dókítà fi sọ pé eegun ló ń so pọ̀. Bí wọ́n bá gba ẹ̀gbẹ́ etí ṣiṣẹ́, àgbọ̀n máa dùn yín, ẹ jìnnà sí pọ̀nmọ́ líle fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù lọ́kàn mi. Ẹ má sọ fún gbogbo ayé. Ayé ò ṣeé finú hàn. Mo sọ fún ọjà pé mo lọ tọ́jú ọmọ mi tó bímọ ní Àkúrẹ́. Oníbàárà tó bá gbọ́ pé wọ́n la orí ẹ máa rò pé o ò lè ka owó mọ́.


Ọkọ̀ Wà ní Gáréèjì

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò lè gba ìyẹn wọlé. Gìrì gbé mi ní ọ́fíìsì. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé mo ṣe iṣẹ́ abẹ, òun ló yí mi sí ẹ̀gbẹ́, òun ló wo aago. Àwọn yòókù ń sá kiri, wọ́n ń wá ṣíbí, ẹnì kan ti ń pe wòlíì. Bí kò bá sí ọ̀dọ́bìnrin yẹn ńkọ́?


Ìyá Aláṣọ Òkè, Ọ̀jẹ́

Ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀, àbúrò. Ọmọ tó ń bá mi ta aṣọ mọ̀, mo ti kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe. Àwọn tó kù nínú ọjà, Àkúrẹ́ ni mo lọ.


Tíṣà, Mọ̀níyà

Mo ti ń kà á láti àná, ìsọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ dá sí, torí ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n ṣiṣẹ́ sí lórí tèmi náà. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì ọpọlọ ni èdè ń gbé. Ọkọ yín mọ omi, ó mọ ohun tó ń wá, orúkọ ẹ̀ ni kò tètè rí. Ẹ má rò pé làákàyè ẹ̀ ti dín.

Ní tèmi, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ sá lọ, èmi tí mò ń fi í kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Yorùbá dúró tì mí díẹ̀. Mo pàdé bàbá kan lórí bẹ́ǹṣì kílíníìkì tó jẹ́ pé òdìkejì ni tiwọn: Gẹ̀ẹ́sì ló kù, àwọn ìyàwó wọn sì ń bínú pé wọ́n ń ṣe òyìnbó nínú ilé. Kò sí òfin kan níbẹ̀. Ohun tí kì í sábà lọ ni ohun téèyàn ti há sórí láti kékeré: orin, oókan eéjì, Sáàmù 23, Fátíhà, oríkì. Mi ò lè pe orúkọ ìyàwó mi, ṣùgbọ́n mo kọ orin ìjọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyàwó mi sunkún, mi ò mọ̀ bóyá inú dídùn ni àbí ìbínú.

Ìyá ọkọ yín ń wá iṣẹ́ ṣe fún ọmọ wọn, iṣẹ́ wọn rèé. Kí wọ́n máa ki ọmọ wọn lóríkì láràárọ̀, lóhùn pẹ̀lẹ́, kí wọ́n dúró kí gbólóhùn tó parí, kí wọ́n jẹ́ kó fúnra ẹ̀ parí ẹ̀. Kí wọ́n fún un láyè. Bí wọ́n bá dákẹ́ tó ìgbà tí ara wọn kò gbà á mọ́, wọ́n ṣì lè dákẹ́ díẹ̀ sí i.

Ohun tó máa ń múnú bí mi jù ni kí wọ́n na fóònù sókè lójú àlejò, "kí lèyí?" Kí ló dé, ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí? Ẹ bi í ní ìbéèrè tó lè mú nínú ẹ̀: omi ni àbí tíì? Kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pa rédíò kẹ́ ẹ tó bá a sọ̀rọ̀. Kíka ìwé máa rẹ̀ ẹ́ ju gbígbọ́ lọ, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp dípò àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn. Nọ́ńbà náà a máa yí mọ́ èèyàn lójú, 6 á di 9, nítorí náà kó má dá nìkan fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù ná. Àwọn tó ń tọ́jú ìsọ̀rọ̀ wà, àwọn tó ń tọ́jú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà wà. Ẹ ní kí dókítà kọ ìwé sí wọn báyìí. Tẹ́ ẹ bá dúró pé "ẹ jẹ́ kára ẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀," ìgbà tí ọpọlọ ń kọ́ nǹkan padà jù lẹ ń fi ṣòfò.


Àbígbẹ̀yìn Bàbá, Chálẹ́ńjì

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ bàbá mi yàtọ̀ díẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà á ṣọ́ra. Glioblastoma ni tiwọn, irú jẹjẹrẹ ọpọlọ kan, ìpele 4, inú ọpọlọ gan-an ló ti hù. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé àwọn èèyàn máa ń pe gbogbo ẹ̀ ní "kókó orí", wọ́n á wá sọ ìtàn ti ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Aládùúgbò kan wá sọ fún wa pé ti ẹ̀gbọ́n òun, wọ́n yọ ọ́, ó parí síbẹ̀. Nígbà tí tiwa ò parí síbẹ̀, bàbá mi rò pé àwọn ni àwọn ò ṣe dáadáa. Kẹ́ ẹ tó fi ọ̀rọ̀ yín wé ti ẹnikẹ́ni, ẹ gba ìwé èsì láti yàrá àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ bi dókítà léèrè ohun tó wà níbẹ̀ ní Yorùbá tó já gaara.

Tiwa gba ìtọ́jú onítànṣán, Ọjọ́ Ajé sí Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ 6, pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ temozolomide. Èkó la ti ṣe é, ní ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tó ṣí ní 2019 ní Ìdí-Àràbà. A ń sùn lọ́dọ̀ ẹbí láàárín ọ̀sẹ̀. Bàbá ò lè fara da ojú ọ̀nà márosẹ̀, ọkọ̀ ojú irin la ń wọ̀ láti Mọ̀níyà sí Èbúté Mẹ́ta. Kò gbọ̀n, wọ́n ń sùn lọ. Bí ẹ bá ní aláìsàn tí ojú ọ̀nà ń dà láàmú, ẹ rò ó wò.

Bàbá ti sinmi báyìí. Mo ṣì ń wá síbí torí àwọn tó ń tọ́jú. Ìyàwó Ilé, ẹ sọ pé ó ti rẹ ẹ̀yin náà, ẹ sì tẹ̀ síwájú bí ẹni pé ẹ ò sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa wá sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ lọ sùn ní yàrá tí ẹ ò ti ní máa gbọ́ èémí ẹ̀. Nínú ẹbí tiwa, a kọ orúkọ sára ìwé lára ògiri, ọjọ́ ta ni, ta ló ń ra oògùn, ta ló ń bá wọn lọ sí kílíníìkì. Ẹni tó bá ń pè látòkèèrè pé "kí ni mo lè ṣe," a máa ń ní kó san owó oògùn ọ̀sẹ̀ kan pàtó. Kíá ni ìpè yẹn dín kù, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ṣe é lóòótọ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé meningioma tí wọ́n yọ tán pàápàá lè padà hù. Àwòrán inú orí tí wọ́n ń pè ní MRI, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa ṣe é lẹ́yìnwá, ẹ ṣe é, kódà bí ara ẹ̀ bá le.


Alfa Kékeré, Bẹẹrẹ

Ẹ kú àdúrà o. Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì rí kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn: ìdọ̀bálẹ̀.

Ara mi ti ń le, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Òòyì kọ́ mi, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, àwọn ló wá gbé mi dìde. Títẹ orí wálẹ̀ ju àyà lọ kì í bá a mu ní àkókò yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbé ohun tó wúwo àti fífi agbára yàgbẹ́. Ẹ fún un ní ẹ̀fọ́ àti omi, oògùn ìrora a máa dí inú. Ní ti àwọn àgbà, ẹ̀yin ìyàwó ni kẹ́ ẹ tètè dá ẹnu sọ ní ẹnu ọ̀nà: "ẹ ṣe é o, bàbá, dókítà ò tíì gbà kó dọ̀bálẹ̀." Èmi máa ń jókòó, mo máa ń tẹ ọrùn díẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Àgbà kan ṣoṣo ló bínú, inú ń bí wọn tẹ́lẹ̀.

Ìrun náà bákan náà. Aláìsàn lè jókòó kírun, kó fi orí tíntẹ̀ ṣe rúkúù àti ìforíkanlẹ̀, ẹ̀sìn gbà á. Ààwẹ̀, ẹ bi dókítà, torí oògùn gìrì ní àkókò tí wọ́n ń lò ó.

Àwọn tó ń ní kó jó, ẹ má bínú sí wọn, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tẹ orí ẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbàdúrà, kí wọ́n má sì fi òróró sójú ọgbẹ́. Kí wọ́n di ọwọ́ ẹ̀ mú, àdúrà á gbà.


Ìyàwó Ilé, Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo ẹ̀ sókè fún un lálẹ́, díẹ̀díẹ̀, torí kò lè gbọ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Níbi "o ti sanra," ó rẹ́rìn-ín, ó tọ́ka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀.

A ti sọ ti ìbínú fún dókítà, wọ́n ti ń yí ọ̀kan nínú oògùn padà díẹ̀díẹ̀. Ìyá wa ń ki oríkì. Lánàá, wọ́n dá dúró ní àárín, ó parí gbólóhùn kan, ó sì tún wọn sọ níbi tí wọ́n ti gbàgbé. Inú wọn dùn títí, wọ́n lọ se gbẹ̀gìrì. Ìgò àgbo ṣì wà lẹ́yìn fìríìjì.

Ohun kan ló kù. Ó bi mí bóyá ọ̀gbẹ́ni tí ọkọ̀ wọn wà ní gáréèjì lè wá kí òun.


Ọkọ̀ Wà ní Gáréèjì

Mo máa wá. Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Mi ò ní pẹ́, mi ò sì ní gbé ẹnikẹ́ni dání. Ẹ sọ fún un pé kò pọn dandan kó sọ̀rọ̀, a lè jọ wo bọ́ọ̀lù ká pa ohùn ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Ẹ má sọ ìtàn ẹni tó kú. Ẹ má sọ oògùn tí wọ́n fún yín, torí á lọ bèèrè fún un. Bó bá bi yín pé ìgbà wo ni ara yín le, ẹ sọ òótọ́, pẹ̀lú ohun tí kò tíì padà. Ẹnì kan tó wá kí mi nígbà yẹn fi àpá orí ẹ̀ hàn mí, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo ìwé tí wọ́n fún mi lọ.


Nọ́ọ̀sì Àgbà, ó ti fẹ̀yìn tì

Ẹni tí kò bá mọ ẹnikẹ́ni, kó lọ jókòó tẹ́lẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ kílíníìkì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí ara wọn. Ẹ sì lè ní kí nọ́ọ̀sì bá yín bi aláìsàn míràn bóyá ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Kí ẹni náà fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó gba nọ́ńbà ẹ̀. Bí ẹkún tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì bá wá pọ̀ débi pé kò fẹ́ jẹun, tàbí ó ń sọ pé ikú sàn, ìyẹn kọjá ti ọ̀rẹ́ o. Ẹ sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.


Ẹ̀gbọ́n Kan, Bódìjà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ń wọlé fún tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni kí n dì sínú báàgì?


Nọ́ọ̀sì Àgbà, ó ti fẹ̀yìn tì

Gbogbo fíìmù àti síìdì síkáànì ẹ̀, ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀ nílé. Ìwé tẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tó ń lò sí, títí kan àgbo, aspirin àti oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Kí wọ́n mọ ìyẹn kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó dé. Ẹ bèèrè nísinsìnyí bóyá wọ́n fẹ́ ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.


Tíṣà, Mọ̀níyà

Ìwé kékeré àti bírò fún ẹ̀yin fúnra yín. Ohun tí dókítà bá sọ ní wọ́ọ̀dù, ẹ kọ ọ́, torí ẹ ò ní rántí ìdajì ẹ̀.


Ìyá Aláṣọ Òkè, Ọ̀jẹ́

Ẹ̀wù oníbọ́tìnnì. Gbogbo ẹ̀wù tí wọ́n ń gba orí wọ̀, ẹ fi sílẹ̀ nílé.


Ẹ̀gbọ́n Kan, Bódìjà

Agbádá ńkọ́, ìyá wa? Ó fẹ́ wọ̀ ọ́ jáde ní wọ́ọ̀dù, ó ti rán an.


Ìyá Aláṣọ Òkè, Ọ̀jẹ́

Kó gbé e lé èjìká, kí wọ́n ya fọ́tò. Kó má gbà á lórí.